Olórin àti Aṣàgbéjáde Orin: Àgbéyẹ̀wò Àjọṣe King Sunny Adé àti Martin Meissonnier, 1982 sí 1984

Ìfáàrà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Òwe yìí bá iṣẹ́ orin mu ju bí ọ̀pọ̀ olùgbọ́ ti rò lọ. Nígbà tí àwo orin bá jáde, orúkọ olórin ni gbogbo ayé máa ń dá mọ̀. Àwòrán rẹ̀ ni ó máa ń wà lára páálí àwo, òun náà sì ni àwọn ènìyàn ń kí ní òde. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ ti dé ilẹ̀ Yorùbá ni ẹlòmíràn ti ń bẹ lẹ́yìn olórin, tí ó ń bá a pinnu bí orin yóò ti gùn tó, ohùn tí yóò ròkè, ohùn tí yóò lọ sílẹ̀, orin tí yóò ṣáájú àti èyí tí a ó yọ kúrò pátápátá. Ẹni náà ni àpilẹ̀kọ yìí pè ní aṣàgbéjáde orin.

Púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ṣe lórí orin Yorùbá ti òde òní ni ó dá lórí olórin àti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Wọ́n wo òwe, wọ́n wo oríkì, wọ́n wo ẹ̀kọ́ inú orin. Iṣẹ́ aṣàgbéjáde kò rí àfiyèsí tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, àpilẹ̀kọ yìí yan àjọṣe kan tí ó lókìkí, èyí tí ó wáyé láàárín King Sunny Adé, ọmọ ìdílé ọba ní ìlú Òndó, àti Martin Meissonnier, ọmọ ilẹ̀ Faransé. Àjọṣe yìí bí àwo mẹ́ta fún ilé-iṣẹ́ Island Records: Juju Music ní ọdún 1982, Synchro System ní ọdún 1983, àti Aura ní ọdún 1984.

Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni èyí: nígbà tí àjèjì bá gé orin jùjú kúrú kí ayé lè gbọ́ ọ, kí ni orin náà pàdánù, kí ni ó sì jèrè? Ìbéèrè kejì ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí ni ó mú kí olórin náà lè bọ́ nínú àjọṣe bẹ́ẹ̀ láì sọ ara rẹ̀ nù? Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìdáhùn ìbéèrè kejì kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Párísì. Ó wà ní ilé, nínú ilé-iṣẹ́ àti olùgbọ́ tí Sunny Adé ní kí àjèjì kankan tó bá a dòwò pọ̀.

Orin jùjú kí ó tó di ọdún 1982

Ìlú Èkó ni orin jùjú ti bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930. Tunde King ni orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ gbajúmọ̀ nídìí orin yìí. Ohun èlò orin náà kò pọ̀ nígbà náà: gìtá tàbí báńjò kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù pẹlẹbẹ kan tí a ń fi ọwọ́ lù ni wọ́n ń lò. Inú yàrá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ ọ́ fún ìwọ̀nba ènìyàn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ìyípadà ńlá dé. Ìlù gángan wọ inú orin náà, gìtá oníná sì tẹ̀ lé e. Ayinde Bakare wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ lo gìtá oníná yìí. Bí ẹ̀rọ amóhùngbilẹ̀ ṣe mú ohùn gìtá ga ni ó jẹ́ kí àyè gba ìlù púpọ̀ sí i, nítorí pé ìlù kò lè bo gìtá àti ohùn ènìyàn mọ́lẹ̀ mọ́. Èyí fi hàn pé ẹ̀rọ ti ń tún orin jùjú ṣe tipẹ́tipẹ́ kí àjèjì aṣàgbéjáde tó dé.

I. K. Dairo ni ó gbé orin jùjú dé gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ní ìparí àwọn ọdún 1950 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ní ọdún 1963, ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá. Ebenezer Obey dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1964, kò sì pẹ́ tí Sunny Adé fi tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n jọ pín pápá jùjú láàárín ara wọn ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí owó epo rọ̀bì pọ̀ ní Nàìjíríà tí òde àríyá sì gbòòrò.

Òde àríyá yìí ni ó sọ bí orin jùjú ṣe rí. Bí òkú àgbà bá kú tàbí tí ẹnìkan bá jẹ oyè, yálà ní Òndó, ní Ọ̀wọ̀, ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, olórin yóò kọrin láti ìrọ̀lẹ́ títí di àfẹ̀mọ́jú. Kò sí ìdí tí yóò fi dá orin dúró. Bí ó bá ti rí olówó tí ń bọ̀ ni yóò yí orin sí orúkọ rẹ̀, onígángan yóò fi ìlù pe oríkì rẹ̀, onítọ̀hún náà yóò sì fi owó lẹ̀ ẹ́ níwájú orí. Nígbà tí àwo ńlá tí ń lọ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ní ojú kọ̀ọ̀kan dé, ó bá àṣà yìí mu gan-an ni. Olórin jùjú a máa so orin mẹ́rin, márùn-ún pọ̀ lójú kan láì sí ìdádúró, bí ẹni pé àpá kan lára òru àríyá ni a gé sínú àwo. Gígùn orin jùjú kì í ṣe àṣejù olórin. Iṣẹ́ tí orin náà ń ṣe láàárín ènìyàn ni ó fa gígùn rẹ̀.

Sunny Adé àti ohun tí ó kọ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò àwo

Òṣogbo ni wọ́n ti bí Sunday Adéníyì Adégẹye ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹsàn-án, ọdún 1946. Ẹgbẹ́ olórin Moses Olaiya, ẹni tí gbogbo ayé padà mọ̀ sí Baba Sala nínú eré awàdà, ni ó ti kọ́ iṣẹ́ orin. Ní àárín àwọn ọdún 1960 ni ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, tí ó sọ ọ́ ní Green Spots. Orúkọ yìí jọ ti Blue Spots, ẹgbẹ́ I. K. Dairo, ó sì fi hàn pé ọ̀dọ́mọdé náà mọ ẹni tí òun ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ African Songs, èyí tí Olóyè Bolarinwa Abioro ni, ni ó gbé àwọn àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Àwo rẹ̀ lórí eré bọ́ọ̀lù, Challenge Cup, mú kí orúkọ rẹ̀ tàn kálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwo ti ń tà tó, ọ̀rọ̀ àdéhùn àti owó dá ìyapa sílẹ̀ láàárín olórin àti ilé-iṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ sì dé ilé ẹjọ́. Ní àárín àwọn ọdún 1970, Sunny Adé kúrò níbẹ̀, ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ tí ó ń jẹ́ Sunny Alade Records, ẹgbẹ́ rẹ̀ náà sì di African Beats.

Ìtàn yìí ṣe kókó fún ohun tí ó kàn. Kí Meissonnier tó mọ̀ ọ́n, Sunny Adé ti rí i pé ẹni tí ó ni téèpù àti àdéhùn ni ó ni orin, ohun yòówù kí ó jẹ́ tí olórin ṣe. Láti ìgbà náà ni ó ti jẹ́ olórin àti oníléeṣẹ́ pọ̀. Òun ni ó ń pinnu ìgbà tí àwo yóò jáde ní Nàìjíríà àti irú orin tí yóò wà nínú rẹ̀. Ó tún fi ohun èlò tuntun kún jùjú, pàápàá gìtá onírin tí a ń tẹ́ kalẹ̀ lu, tí Demola Adepoju ń lù fún un. Ohùn gìtá yìí, tí ó máa ń fà gùn bí ìgbà tí ènìyàn ń kùn lọ́fun, wà lára ohun tí ó ya orin rẹ̀ sọ́tọ̀ kí ó tó dé ojú àgbáyé.

Bí Meissonnier àti Island ṣe dé ìdí ọ̀rọ̀ náà

Martin Meissonnier bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akọ̀ròyìn ní ilẹ̀ Faransé. Ó bá Fela Aníkúlápó Kútì ṣiṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí Fela ń kó ẹgbẹ́ rẹ̀ kiri ilẹ̀ Yúróòpù. Nípasẹ̀ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó fi mọ orin Nàìjíríà, tí ó sì rí i pé ọ̀pọ̀ ohun tí ń bẹ ní Èkó kò tíì dé etí àwọn ará Yúróòpù.

Ní àkókò kan náà, ilé-iṣẹ́ Island Records wà nínú ọ̀fọ̀. Chris Blackwell ni ó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Jàmáíkà ní ọdún 1959. Òun ni ó gbé Bob Marley àti orin rẹ́gẹ̀ dé ojú ayé. Marley kú ní oṣù karùn-ún, ọdún 1981. Ilé-iṣẹ́ náà sì ń wá olórin mìíràn tí ó lè ti ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú wá gba ọkàn àwọn olùgbọ́ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Sunny Adé ni ojú wọn tọ̀. Ìrètí pé kí ó di Marley kejì yìí ni ìgbérasọ àjọṣe náà. Òun náà ni ó di ẹrù tí ó wọ̀ ọ́ lọ́rùn nígbẹ̀yìn, nítorí pé rẹ́gẹ̀ tí Marley kọ, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀, orin kúkúrú kúkúrú sì ni. Orin jùjú kò jọ ọ́ ní ọ̀nà méjèèjì.

Iṣẹ́ inú yàrá ìgbohùnsílẹ̀

Ìlú Lomé ní Tógò ni wọ́n ti gba ohùn Juju Music sílẹ̀, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún àtòpọ̀ ìkẹyìn. Ohun mẹ́ta ni a lè tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́ aṣàgbéjáde nínú rẹ̀.

Èkíní ni títú orin tí a so pọ̀ palẹ̀. Orin méje ni ó wà nínú Juju Music. Èyí tí ó kúrú jù kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ, èyí tí ó gùn jù sì jẹ́ bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Orin kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin tirẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe orin tuntun. Orin tí àwọn ará ilé ti mọ̀ ni, tí wọ́n tún kọ fún àwo yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí pẹ̀lú orúkọ àwo kejì, nítorí pé Sunny Adé ti gbé àwo kan tí ó ń jẹ́ Synchro System Movement jáde ní Nàìjíríà láti ọdún 1976. Aṣàgbéjáde kò dá orin sílẹ̀ nínú àjọṣe yìí. Ṣíṣà ni ó ń ṣà, bí ẹni tí ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ, tí ó ń mú èyí tí ó rò pé ará ibòmíràn yóò lè jẹ.

Ìkejì ni ìtò ohùn. Nínú yàrá ìgbohùnsílẹ̀ ti òde òní, ohùn ohun èlò kọ̀ọ̀kan ní ipa tirẹ̀ lórí téèpù. Aṣàgbéjáde lè gbé gángan sókè, kí ó rẹ ohùn ènìyàn sílẹ̀, tàbí kí ó dá gìtá kan ṣoṣo dá fún ìgbà díẹ̀. Àwọn ará Jàmáíkà ti sọ irú iṣẹ́ yìí di ọnà: wọn a yọ ohùn olórin kúrò, wọn a fi ìlù àti gìtá olóhùn ńlá sílẹ̀, wọn a sì jẹ́ kí gbohùngbohùn máa dún lẹ́yìn rẹ̀. Meissonnier mú díẹ̀ nínú ọgbọ́n yìí wọ inú jùjú. Ó fún gìtá Demola Adepoju àti ìlù ní àyè tí ó hàn kedere.

Ìkẹta ni àfikún ẹ̀rọ. Dùùrù oníná àti ìlù ẹ̀rọ ń pọ̀ sí i láti inú àwo kan bọ́ sí èkejì. Ó ga jù lọ nínú Aura, níbi tí gbajúmọ̀ olórin Amẹ́ríkà nì, Stevie Wonder, ti fọn fèrè ẹnu nínú orin kan.

Ohun tí a pàdánù àti ohun tí a jèrè

Ohun tí ó kọ́kọ́ pàdánù àyè rẹ̀ ni oríkì ènìyàn. Nínú orin ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sí ìgbà tí olórin yóò fi yí sí ẹni tí ó wọlé, kò sì sí ẹni tí ń wọlé nínú yàrá ìgbohùnsílẹ̀. Èyí ju ọ̀rọ̀ ìyìn olówó lásán lọ. Nínú pípe orúkọ ni ìtàn ìdílé, ìtàn ìlú àti ìtàn iṣẹ́ máa ń fara pamọ́ sí. Christopher Waterman fi hàn nínú ìwé rẹ̀ lórí jùjú, tí ó jáde ní ọdún 1990, pé orin yìí jẹ́ ọ̀nà tí àwùjọ fi ń sọ ẹni tí ó jẹ́ àti ipò tí oníkálukú wà. Bí a bá mú orúkọ kúrò, ijó ṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n apá kan lára ìtàn ti lọ.

Ohun kejì tí ó pàdánù ni ọ̀rọ̀ ìlù. Fún ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá, gángan ń sọ̀rọ̀. Fún ẹni tí kò gbọ́ ọ, gángan ń dún ni. Bí aṣàgbéjáde tí èdè náà kò yé bá ń to ohùn pọ̀, etí rẹ̀ ni yóò fi mọ ibi tí ìlù ti dùn, kò lè fi òye mọ ibi tí gbólóhùn ìlù parí sí. Ọ̀rọ̀ àti adùn wà nínú ìlù kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì ni ó ń la òkun kọjá.

Ìkẹta ni àkọtọ́, èyí tí ó kan àwọn olùkọ́ èdè gan-an. Orúkọ orin àkọ́kọ́ nínú Juju Music ni wọ́n kọ sí ara páálí àwo gẹ́gẹ́ bí Ja Funmi, láì sí àmì ohùn, tí wọ́n sì pa ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ mọ́ ara wọn. Lábẹ́ ìlànà àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974, Jà fún mi ni ó yẹ kí ó jẹ́, nítorí pé ẹ̀bẹ̀ sí orí ẹni pé kí ó gbèjà ẹni ni orin náà. Láì sí àmì ohùn, kò sí ohun tí yóò sọ fún òǹkàwé bóyá jà ni tàbí já. Bẹ́ẹ̀ náà ni Mo Beru Agba, tí ó yẹ kí ó jẹ́ Mo bẹ̀rù àgbà. Àṣìṣe yìí kì í ṣe ẹ̀bi àjèjì nìkan, nítorí pé àwọn àwo tí a tẹ̀ ní Èkó náà kò fi àmì sí orúkọ orin. Ṣùgbọ́n àwo tí ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò ní ọ̀nà mìíràn láti mọ èdè náà ni ó yẹ kí ó ṣọ́ra jù lọ.

Síbẹ̀, kò tọ́ láti sọ pé àdánù nìkan ni ó wà níbẹ̀. Èdè Yorùbá ni Sunny Adé fi kọ púpọ̀ nínú orin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a lè fi kọrin fún àgbáyé. Orúkọ orin náà, jùjú, di ohun tí àwọn ìwé ìròyìn ńlá ń kọ láì túmọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1984, Synchro System wà lára àwọn àwo tí wọ́n yàn láti du àmì-ẹ̀yẹ Grammy. Ọ̀nà tí ó là sílẹ̀ wúlò fún àwọn mìíràn pẹ̀lú: ilé-iṣẹ́ Virgin ní Lọ́ńdọ̀nù gbé àwo Ebenezer Obey kan, Je Ka Jo, jáde ní ọdún 1983, Demola Adepoju náà sì lu gìtá onírin rẹ̀ nínú Graceland, àwo tí Paul Simon gbé jáde ní ọdún 1986.

Ilé àti àjò

Ohun tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ilẹ̀ òkèèrè kò fiyè sí ni pé Sunny Adé kò dẹ́kun iṣẹ́ ilé ní gbogbo àkókò yìí. Nígbà tí Juju Music ń jáde ní ọdún 1982, Ariya Special ń jáde ní Nàìjíríà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ tirẹ̀. Ní ọdún 1983, ọdún Synchro System, ó gbé Ajoo àti Bobby jáde. Àwo Bobby yìí yẹ fún àgbéyẹ̀wò. Bobby Benson, ògbóǹtarìgì olórin Èkó tí ọ̀pọ̀ olórin kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, kú ní oṣù karùn-ún ọdún náà. Sunny Adé fi àwo náà dárò rẹ̀. Irú orin bẹ́ẹ̀ kò ní ìtumọ̀ púpọ̀ fún ẹni tí ń jó ní Amẹ́ríkà, kò sì sí ìdí tí yóò fi ní in. Ó jẹ́ gbèsè tí olórin jẹ àgbà iṣẹ́ rẹ̀, níwájú àwọn tí wọ́n mọ òkú náà.

Nípa báyìí, ọwọ́ kan ń kọ orin kúkúrú tí kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni nínú, ọwọ́ kejì ń kọ orin gígùn tí ó kún fún orúkọ. Olùgbọ́ kan kò gba ipò èkejì. Oríkì tí aṣàgbéjáde yọ kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù kò sọnù, nítorí pé ó wà ní Èkó, lórí àwo mìíràn, nínú ilé-iṣẹ́ tí olórin fúnra rẹ̀ ni. Ibí yìí ni agbára rẹ̀ wà. Ẹni tí ó ní oko lẹ́yìn ilé lè lọ ṣe àgbàṣe, kí ó sì padà nígbà tí ó bá wù ú. Ẹni tí kò ní oko rárá, ohun tí olóko bá fún un ni yóò gbà.

Òpin àjọṣe náà, àti àpẹẹrẹ Fela

Lẹ́yìn Aura, ilé-iṣẹ́ Island kò tún bá Sunny Adé ṣe àwo mọ́. Títà àwo náà kò tó ohun tí wọ́n ń retí lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n fẹ́ kí ó di Marley kejì. Àwọn kan tún sọ pé olórin náà kò gbà kí wọ́n yí orin rẹ̀ padà sí ti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ju ibi tí ó dé lọ. Kò pẹ́ sí àkókò yìí ni ẹgbẹ́ African Beats náà tú ká. Fún ọ̀pọ̀ olórin, ìparí iṣẹ́ ni èyí ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n Sunny Adé padà sílé, ó kó ẹgbẹ́ tuntun jọ tí ó ń jẹ́ Golden Mercury, òde àríyá sì gbà á bí ẹni tí kò jáde nílé rí. Ní ọdún 1998, ó gbé Odù jáde ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tún yàn án fún Grammy ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Fela ní àkókò kan náà jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere sí i. Ní ìparí ọdún 1984, ìjọba ológun ju Fela sí ẹ̀wọ̀n, kò sì jáde títí di ọdún 1986. Nígbà tí ó wà nínú ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fún aṣàgbéjáde ọmọ Amẹ́ríkà kan, Bill Laswell, ní téèpù Army Arrangement pé kí ó tún un tò. Laswell yọ lára ohun tí Fela fúnra rẹ̀ lù, ó sì fi ti àwọn olórin mìíràn rọ́pò rẹ̀. Àwo náà jáde ní ọdún 1985. Inú Fela kò dùn sí i rárá nígbà tí ó gbọ́ ọ. Aṣàgbéjáde tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa ni Laswell. Àléébù ibẹ̀ ni pé olórin kò sí nínú yàrá nígbà tí a ń gé orin rẹ̀. Nínú àjọṣe ti Sunny Adé, olórin wà níbẹ̀, ó mọ ohun tí a ń gé, ó sì mọ ibi tí òun yóò ti lò ó. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àjọṣe àti ìfipágbà nìyẹn, kò sí ẹ̀rọ kankan tí ó lè dí àlàfo rẹ̀.

Ìwúlò ìtàn yìí fún olùkọ́ èdè

Àjọṣe olórin àti aṣàgbéjáde ti yí padà lẹ́yìn ìgbà náà. Kọ̀ǹpútà ti mú iṣẹ́ yàrá ìgbohùnsílẹ̀ wá sí àárín ìlú, ọmọ Nàìjíríà sì ni púpọ̀ nínú àwọn aṣàgbéjáde òde òní. Nígbà tí 9ice gbé Gongo Aso jáde ní ọdún 2008, ID Cabasa, tí òun náà gbọ́ Yorùbá, ni ó ṣàgbéjáde orin tí àwo náà ń jẹ́. Orin kúkúrú ni, ìlù ẹ̀rọ ni ó gbé e, ṣùgbọ́n òwe àti àkànlò èdè kún inú rẹ̀. Èyí jẹ́ ẹ̀rí pé kíkúrú orin nìkan kọ́ ni ó ń lé ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ jáde. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni bóyá ẹni tí ń gé orin mọ ohun tí ó ń gé.

Nínú kíláàsì, a lè lo ìtàn yìí ní ọ̀nà méjì. Olùkọ́ lè fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní orúkọ orin láti ara páálí àwo, kí wọ́n tún un kọ pẹ̀lú àkọtọ́ àti àmì ohùn tí ó tọ̀nà, kí wọ́n sì ṣàlàyé ìtumọ̀ tí ó lè ṣi ni lọ́nà bí kò bá sí àmì. Ó tún lè mú orin kan tí ó ní ẹ̀dà méjì, ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún àjò, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi wọ́n wéra: àwọn orúkọ wo ni ó wà nínú ọ̀kan tí kò sí nínú èkejì, òwe wo ni ó kù, ibo ni ìlù ti sọ̀rọ̀? Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò kọ́ wọn pé lítíréṣọ̀ alohùn kì í ṣe ohun àtijọ́ nìkan, àti pé ọwọ́ ènìyàn ni ó ń tò ó.

Ìgúnlẹ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti gbé àjọṣe King Sunny Adé àti Martin Meissonnier yẹ̀ wò láti ọdún 1982 sí 1984. Ó ti fi hàn pé aṣàgbéjáde kì í ṣe alágbàṣe lásán nídìí orin, nítorí pé ohun tí ó bá yàn ni ayé yóò gbọ́, ohun tí ó bá yọ ni ayé kò ní mọ̀ pé ó wà rí. Ó ti fi hàn pẹ̀lú pé orin jùjú pàdánù orúkọ ènìyàn àti ọ̀rọ̀ ìlù lójú ọ̀nà àjò, àmọ́ ó rí olùgbọ́ tuntun, èdè Yorùbá sì bá a dé ibẹ̀.

Àwọn àgbà ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Sunny Adé kò gbàgbé orísun, ṣùgbọ́n ìrántí nìkan kọ́ ni ó gbà á. Ó ní ilé-iṣẹ́, ó ní téèpù, ó ní olùgbọ́ tí kò nílò kí a túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wọn. Ọ̀dọ́ olórin tí ó bá fẹ́ bá àjèjì tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ṣàgbéjáde orin lónìí, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀ ni ohun tí yóò kù sí òun lọ́wọ́ nílé bí àjọṣe náà bá parí.